Ojú Ọmọ Wa Ń Ṣiṣẹ́ Ju Bí A Ṣe Rò Lọ

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì ojú kan bá wa sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ nìyí. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí ọjà kò jẹ́ kí wọ́n wá, àti fún àwọn tó wá ṣùgbọ́n tí oníbàárà pè wọ́n jáde kí ọ̀rọ̀ tó parí.

    Ẹ̀yin ìyá mi, ọmọ yín ni mo jẹ́. Mi ò wá kọ́ yín bí a ṣe ń tajà, torí ẹ ti ń tà á kí wọ́n tó bí mi. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ni mo wá jẹ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò pọ̀. Òun ni pé ojú ọmọdé lágbára débi pé ó lè fi àìsàn ara rẹ̀ pamọ́. Ọmọ lè máa ka ohun tí tíṣà kọ sí pátákó, kó máa rí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ kí ojú rẹ̀ máa jìyà lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá mọ bí ojú yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ á ní ọ̀lẹ lọmọ, á ní olódo ni, á tiẹ̀ fẹ́ yọ ọ́ kúrò ní súkúù. Bẹ́ẹ̀ ojú ló rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọpọlọ. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Ọmọ tí mò ń sọ yìí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣípá, torí bó ṣe ń rí nǹkan láti kékeré nìyẹn, ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń ríran.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú owó bébà kan jáde. Èyíkéyìí, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ wo nọ́ńbà kéékèèké tó wà lára rẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà, kí ẹ wá máa gbé e bọ̀ síwájú imú yín díẹ̀díẹ̀, títí nọ́ńbà náà á fi dàrú. Ẹ dúró níbẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Èyí tó ti lé ní ogójì ọdún nínú yín, ọwọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà sí ojú. Àwọn kan tiẹ̀ ti na ọwọ́ tán, nọ́ńbà ò tíì hàn. Ẹ wá pe ọmọ ọdún 10 kan kó ṣe é. Á gbé owó yẹn bọ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀, á ní òun ṣì ń rí i. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 ni, kò ju fífẹ̀ ìka ọwọ́ mẹ́rin lọ. Ojú ni tiyín, ojú ni tirẹ̀. Kí ló wá fa ìyàtọ̀?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú

Kí a tó lè rí nǹkan, ìmọ́lẹ̀ tó ti ara nǹkan náà wá gbọ́dọ̀ kóra jọ sójú kan lára awọ tó wà lẹ́yìn inú ojú. Awọ iwájú ojú, èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ló ń ṣe bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà ló wà, agbára rẹ̀ kì í yí padà. Awò kékeré kan wà lẹ́yìn ọmọlójú, lẹ́ǹsì là ń pè é. Òun ló ń ṣe ìyókù, òun ló sì lè yí ara rẹ̀ padà.

Ẹ rò ó báyìí. Wọ́n gbé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan sáàárín, wọ́n so okùn mọ́ etí rẹ̀ yí ká. Obìnrin mẹ́jọ dúró yí i ká, kálukú di okùn tirẹ̀ mú. Bí gbogbo wọn bá fà sẹ́yìn, okùn á le, ọ̀rá omi á tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí wọ́n bá rìn síwájú, okùn á dẹ̀, ọ̀rá á wú padà, á rí róbótó. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú gan-an nìyẹn. Àwọn obìnrin mẹ́jọ yẹn ni iṣan kan tó rí bí òrùka, tó yí lẹ́ǹsì ká. Okùn wọn ni àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó so lẹ́ǹsì mọ́ iṣan náà.

Tí a bá ń wo ọ̀nà jíjìn, iṣan á sinmi, okùn á le, lẹ́ǹsì á tẹ́. Tí a bá wo ohun tó sún mọ́ wa, iṣan á ṣiṣẹ́, òrùka á kéré, okùn á dẹ̀, lẹ́ǹsì á wú, agbára rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú: ọ̀nà jíjìn ni ìsinmi ojú, ìtòsí ni iṣẹ́ ojú.

Nǹkan méjì tún ń bá a rìn. Tí a bá wo ohun tó sún mọ́ wa, ojú méjèèjì á yí díẹ̀ síhà imú kí wọ́n lè jọ wo ohun kan náà, ọmọlójú á sì kéré. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ orí okùn kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Kì í ṣe àbá lásán. Ní 1801, Thomas Young, dókítà kan ní London, kọ ohun tó rí jáde. Àwọn kan rò nígbà náà pé awọ iwájú ojú ló ń yí padà. Ó fi omi bo iwájú ojú ara rẹ̀, kí awọ yẹn má bàa lágbára mọ́, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ṣì lè kúrò ní ọ̀nà jíjìn wá sí ìtòsí. Ó yẹ àwọn tí wọ́n ti yọ lẹ́ǹsì ojú wọn wò, kò rí agbára yẹn lójú wọn. Ní 1855, Hermann von Helmholtz ní Jámánì wá ṣàlàyé bí okùn ṣe ń dẹ̀ tí lẹ́ǹsì fi ń wú.

Lẹ́ǹsì ọmọdé rọ̀ bí àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ti àgbà ti gan bí àmàlà àná. Iṣan lè máa ṣiṣẹ́ o, okùn lè máa dẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ti gan kò lè wú mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń na ọwọ́ tí ẹ bá fẹ́ ka nọ́ńbà fóònù. Kì í ṣe àrùn, kì í ṣe aáwọ̀ aráyé. Ọjọ́ orí ni.

Ojú owó tó wà nínú ojú

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ ojú owó. Ojú náà ní ojú owó tirẹ̀. Àwọn oníṣègùn ojú ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á, dioptre ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbà pé owó ni.

Ohun tó bá wà ní mítà 1 síwájú wa, dioptre 1 là ń ná kí a tó lè rí i kedere. Tó bá wà ní ìdajì mítà, a ná 2. Tó bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 33, tó fi díẹ̀ ju rúlà súkúù lọ, a ná 3. Ní sẹ̀ǹtímítà 20, a ná 5. Ní sẹ̀ǹtímítà 10, a ná 10. Ẹ rí i bí ọjà yìí ṣe ń gbówó lórí? Bí nǹkan bá sún mọ́ wa ní ìdajì, owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Èló ló wà lọ́wọ́ kálukú? Ọmọ ọdún 10 ní nǹkan bíi dioptre 14. Ọmọ ogún ọdún ní bíi 10. Ẹni ogójì ọdún, ó ku bíi 5 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún, ó ku bíi 1. Ẹnikẹ́ni kò jí i gbé, bí ó ṣe ń lọ nìyẹn.

Àpò ọmọdé kún. Ẹni tí àpò rẹ̀ sì kún kì í tètè mọ̀ pé òun ń náwó. Ìyẹn ni ọmọ fi ń gbé fóònù sójú bí ẹni fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Àmọ́ àpò kíkún kò ní ká ná gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́. Kí ojú tó lè ṣiṣẹ́ pẹ́ láìrẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí bí ìdajì agbára rẹ̀ ṣẹ́kù sílẹ̀.

Ọmọ tó ń san gbèsè tí a kò mọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ojú ọmọ tuntun kúrú. Láti iwájú dé ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 17 lọ, ti àgbà tó nǹkan bíi 24. Nítorí pé ó kúrú, ìmọ́lẹ̀ kì í tíì kóra jọ nígbà tó bá dé awọ ẹ̀yìn ojú. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ojú á máa gùn, yóò sì bá agbára lẹ́ǹsì mu. Kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó tó ọdún 6 tàbí 7, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé.

Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ kan kò gùn tó. Mìlímítà kan àbọ̀ péré ló kù, kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ̀. Kí wá ni ọmọ ń ṣe? Á fi lẹ́ǹsì rẹ̀ tó rọ̀ yẹn tún un ṣe. Á mú kó wú kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ síbi tó yẹ. Ó ń ṣe é láìmọ̀, bí a ṣe ń mí láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní gbèsè ojú ọmọ ọdún 8 kan jẹ́ dioptre 4. Tó bá ń wo pátákó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ná nǹkan kan, òun á ti ná 4. Tó bá ṣí ìwé ní sẹ̀ǹtímítà 33, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ná 3, òun á ná 7. Tó bá tẹrí sórí ìwé ní sẹ̀ǹtímítà 20, 9 ló ń ná yẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tún wà ńlẹ̀. Ṣé ẹ̀yin lè máa san gbèsè oníyẹn lórí ìsọ̀ lójoojúmọ́ kí ọjà yín má dákú?

Orí á máa fọ́ ọmọ náà lọ́sàn-án. Á máa fọwọ́ ra ojú, omi á máa dà lójú rẹ̀. Tó bá ń kàwé, á fo ìlà kan, á tún ìlà kan kà lẹ́ẹ̀mejì. Yóò mọ ìtàn sọ, yóò mọ owó ṣẹ́ńjì kà lórí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kó gbé ìwé, á ní òun fẹ́ tọ̀. Tíṣà á kọ ọ́ sí káàdì pé ọmọ yìí kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ẹ mú un lọ síwájú káàdì lẹ́tà tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri ní mítà 6, á kà á tán pátá. Wọ́n á ní ojú rẹ̀ dáa. Kò dáa o, ó ti san gbèsè kó tó kà á ni.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí yẹ àwọn ọmọ ọdún 4 àti 5 wò, èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Àwọn tí gbèsè ojú wọn wà láàárín dioptre 3 sí 6, tí wọn kò sì lo gíláàsì, kò ṣe dáadáa tó ẹgbẹ́ wọn nínú ìdánwò ìmúrasílẹ̀ ìwé kíkà. Ojú tó ń sanwó kò ní ohun púpọ̀ tó kù láti fi kàwé.

Ojú tó ń yí wọnú

Mo ní kí ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ orí okùn kan sọ́kàn. Bí lẹ́ǹsì bá ń wú, ojú máa ń fẹ́ yí síhà imú. Ọmọ tó ń fi tipátipá mú lẹ́ǹsì wú ní gbogbo ìgbà, ojú rẹ̀ kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọnú. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 2 sí 3. Ẹ máa rí i nígbà tó bá ń jẹun, tó bá ń wo àwòrán, tàbí nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn ó tọ́, nígbà mìíràn ó yí.

Ẹ̀yin ìyá mi, kì í ṣe pé ẹnì kan ṣe é. Kì í ṣe pé ọmọ ń fi èèyàn ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ má nà án. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ọpọlọ kò fẹ́ rí àwòrán méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti ojú tó yí yẹn sílẹ̀. Ojú yẹn á di ojú tí kò mọ ìran rí. Bí a bá tètè mú un, gíláàsì nìkan lè tọ́ irú ojú bẹ́ẹ̀, torí pé gíláàsì á bá ọmọ san gbèsè, lẹ́ǹsì á sinmi, ojú á padà sáyè rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá ọdún 7 tàbí 8, iṣẹ́ náà á le gan-an. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ìdí tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú ọmọ

Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń bínú sí wa níbí. Wọ́n mú ọmọ wá, a kán oògùn, a ní kí wọ́n jókòó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wákàtí kan, a tún lè kán an lẹ́ẹ̀kejì. Ọjà ń dúró, inú ń bí wọn. Ẹ má bínú. Bí a kò bá kán oògùn yẹn, ọmọ á máa mú lẹ́ǹsì wú bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, gbèsè á fara pamọ́ fún wa. Oògùn náà ló ń sọ fún iṣan pé kó sinmi. Nígbà náà la tó lè rí iye tí ọmọ jẹ gan-an. Ojú tó dúdú bíi tiwa sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí oògùn tó mú un.

Ọmọlójú rẹ̀ á fẹ̀, oòrùn á máa ta á lójú, ìwé kò ní hàn dáadáa fún un. Bó bá jẹ́ oògùn tí kì í pẹ́, á kúrò láàárín ọjọ́ kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní atropine lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè èwo ni wọ́n kán, kí ẹ fi fìlà sórí ọmọ, kí ẹ má sì rán an kọjá títì lọ́jọ́ náà.

Òdìkejì rẹ̀: ojú tó gùn jù

Àwọn ọmọ kan wà tí ojú tiwọn gùn kọjá ààlà. Mìlímítà 1 péré tó bá lé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dioptre 3. Ìmọ́lẹ̀ ti kóra jọ kó tó dé awọ ẹ̀yìn ojú. Ìwé ìtòsí á hàn kedere, pátákó á rí bí ìgbà tí kùrukùru bò ó. Lẹ́ǹsì kò sì lè ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, torí agbára ni lẹ́ǹsì ń fi kún un, agbára ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Ọmọ yìí á máa ṣẹ́jú mọ́ra, á máa sún síwájú kíláàsì, kò ní mọ̀ yín títí ẹ ó fi súnmọ́ ọn.

Ohun tó ń mú ojú gùn jù pọ̀. Bí òbí méjèèjì bá ní i, ọmọ lè ní i. Iṣẹ́ ìtòsí tí kò ní ìsinmi náà wà níbẹ̀, àti àìrí oòrùn. Ní Guangzhou ní China, súkúù 6 fi ìṣẹ́jú 40 kún àsìkò tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń lò níta lójoojúmọ́, súkúù 6 mìíràn kò fi kún un. Lẹ́yìn ọdún 3, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń jáde síta, nǹkan bí 30 ni ojú wọn ti gùn jù. Níbi tí wọn kò ti fi kún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Èsì náà jáde ní 2015. Ní Taiwan, láti 2010 ni ìjọba ti ní kí àwọn súkúù máa mú ọmọ jáde fún ìṣẹ́jú 120 lóòjọ́.

Ẹ wá wo ọmọ inú ọjà wa. Ó dé láti súkúù, ó jókòó sábẹ́ káńtà níbi tó ṣókùnkùn, ó gba fóònù ìyá rẹ̀, ó gbé e sí sẹ̀ǹtímítà 15 síwájú ojú, ó ń wo fídíò títí di ìgbà tí a ó palẹ̀ mọ́. Ìta ọ̀fẹ́ wà níwájú ìsọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìyá kan ní ìsọ̀ èlùbọ́: "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní tí ọmọ bá ti wọ gíláàsì, kò ní lè bọ́ ọ mọ́, pé ó ń ba ojú jẹ́."

Ìdáhùn: Màmá, kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ bá wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó wá bọ́ ọ, á ní òun kò rí dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ló sọ, torí lẹ́ǹsì rẹ̀ ti sinmi, kò fẹ́ san gbèsè yẹn mọ́. Kì í ṣe pé ojú bàjẹ́.

Ìyá kan ní ìsọ̀ aṣọ: "Mo ra gíláàsì tèmi lórí àtẹ, mo sì ń fi í rí abẹ́rẹ́. Ṣé mo lè ra ti ọmọ mi níbẹ̀?"

Ìdáhùn: Rárá o, màmá. Tiyín, owó tó tán lápò ló ń dí fún yín, iye kan náà ní ojú méjèèjì, fún ìtòsí nìkan. Ti ọmọ, ojú ọ̀tún lè jẹ 5 kí òsì jẹ 2. Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n lórí àtẹ. Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò lẹ́ẹ̀kan, torí gíláàsì àtẹ kò lè sọ fún yín bí àìsàn mìíràn bá wà nínú ojú.

Ìyá ọmọ kékeré kan: "Ojú ọmọ mi ń yí. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé á tọ́ fúnra rẹ̀."

Ìdáhùn: Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù 4, ojú rẹ̀ lè máa yí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó sì tọ́. Tó bá ti kọjá oṣù 4 tó ṣì ń yí, ẹ gbé e wá. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá ìyá àgbà sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé e wá.

Ìyá alátá kan: "Ṣé ká gba fóònù lọ́wọ́ wọn pátápátá ni?"

Ìdáhùn: Ẹ ò lè gbà á tán, màmá, torí súkúù pàápàá ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí rẹ̀. Ẹ fi jíjìn àti àsìkò dè é. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, kò nílò rẹ̀ rárá.

Ohun tí ẹ máa mú lọ sílé

1. Kí ìwé tàbí fóònù jìnnà sójú ọmọ ní ìwọ̀n ìgúnpá rẹ̀ sí ìkúùkù. Kí ó máa lò ó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

2. Lẹ́yìn gbogbo ogún ìṣẹ́jú, kó gbójú sókè wo ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Ẹ rán an níṣẹ́ dé ìsọ̀ kejì, ojú rẹ̀ á sinmi.

3. Kí ó máa ṣeré níta lójoojúmọ́. Abẹ́ igi náà dára, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ṣì ju ti inú ilé lọ. Kó má ṣe tẹjú mọ́ oòrùn fúnra rẹ̀.

4. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò kó tó wọ súkúù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ojú bá ń yí, bí orí bá ń fọ́ ọ tó bá kàwé, bí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń lo gíláàsì láti kékeré, ẹ má dúró dìgbà náà.

5. Bí ẹ bá rí funfun nínú ọmọlójú ọmọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ gíláàsì. Ó lè gba ẹ̀mí ọmọ.

6. Ẹ má kán omi ọmú, ìtọ̀, omi ṣúgà tàbí àgbo sójú ọmọ. Kò lè sọ ojú tó kúrú di gígùn, ó sì lè fọ́ ojú tó ń ríran.

7. Kí tíṣà tó ní olódo ni, kí ẹ̀yin náà tó gbà fún un, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú wò.

Ibi tí ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ ni ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ yín, wọ́n á júwe ibi tí dókítà ojú wà. Àwọn ọsibítù ńlá bíi UCH n'Íbàdàn, LUTH l'Ékòó àti ti Ifásitì Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ojú. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà kí ẹ tó gbéra, kí ẹ má bàa lọ lásán.

Mo tún bẹ ẹgbẹ́ ní ohun kan. Ẹ ń dá àjọ fún ìsìnkú, ẹ ń dá a fún ìgbéyàwó. Ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ojú ọmọ. Nígbà ìsinmi súkúù, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ ojú wá sínú ọjà, kí gbogbo ọmọ tó wà lábẹ́ káńtà jáde wá fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ kan. Ìyá tí kò bá lówó gíláàsì, kí àjọ yẹn bá a dí i, kó máa san án padà díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń tà. Ọmọ kan tí a bá gbà lọ́wọ́ orúkọ olódo, èrè rẹ̀ ju ti àpò ìrẹsì lọ.

Ojú lọba ara. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọba tó wà lára àwọn ọmọ wa wàjà.